Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́

Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti inú "ẹ̀kọ́", ìyẹn ohun tí a kọ́, àti "ọ̀fẹ́", ìyẹn ohun tí a rí gbà láìsan kọ́bọ̀. Ìtumọ̀ méjì ni ó ní. Èkíní ni ẹ̀kọ́ tí ìjọba pèsè fún tolórí tẹlẹ́mù, irú èyí tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sikọ́láṣíìpù, ni owó tí wọ́n fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pegedé lọ́wọ́ kí ó lè kàwé gboyè.

Nígbà mìíràn, àjọ tí akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìyẹn ẹni tí ó ti gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, dá sílẹ̀ ni ó ń san owó náà. Àpẹẹrẹ ni Morehead-Cain ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, ní Amẹ́ríkà, èyí tí John Motley Morehead Kẹta, tí ó gboyè níbẹ̀ ní 1891, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1945. Àjọ náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀mí aṣáájú, ìwà rere, ìmọ̀ ìwé àti okun ara ni wọ́n fi ń yan ni, kì í ṣe àìní.

Nítorí náà, "ọ̀fẹ́" inú ọ̀rọ̀ yìí kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò sanwó: nínú irú àpẹẹrẹ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ àná ni ó san án fún ti òní, ẹni tí ó gbà á náà sì ti fi iṣẹ́ àṣekára san tirẹ̀.