Àgbáyun àti Ewé Eéran: Ìrìn-Àjò Ìmọ̀ Láti 1725 sí 2021

Ní 1725, Reynaud des Marchais, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gúnlẹ̀ sí etíkun Guinea. Ó rí èso pupa kékeré kan níbẹ̀, tí ohun kíkan máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó bá ti jẹ ẹ́. Àlùfáà Labat tẹ ìtàn ìrìn-àjò náà jáde ní Paris ní 1730, láti ìgbà náà sì ni àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù ti ń tọ́ka sí i pé des Marchais ló ṣàwárí èso náà. Gbólóhùn yìí kò tọ̀nà. Àgbáyun ni Yorùbá ń pè é, sisrè ni lẹ́nu àwọn Fọn; àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó gbé àlejò dé. Àkọsílẹ̀ nìkan ló bẹ̀rẹ̀ ní 1725.

Àgbáyun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Èròjà inú ẹran ara rẹ̀ tín-ínrín ló ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, bí ohun kíkan bá sì tẹ̀lé e, ahọ́n á gba kíkan náà ní adùn, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe hàn nínú àpilẹ̀kọ William Freeman Daniell, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, nínú Pharmaceutical Journal ní 1852: wọ́n ń jẹ ẹ́ kí oúnjẹ àgbàdo tó ti kan àti ẹmu tó ti kan lè ṣeé gbádùn. Ọgbọ́n ìṣọ́wóná ni èyí. Níbi tí oúnjẹ kì í ti í pẹ́ kan nínú ooru, èso kan tó lè gba oúnjẹ àná là kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọdé ló fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ní 1855, Daniell tún kọ̀wé nípa èso kejì, tó pè ní Katemfe. Ara ewéko tí Yorùbá ń pè ní ewé eéran ni èso náà ti ń so, nísàlẹ̀ gan-an, lẹ́bàá ilẹ̀. Orúkọ Látìnì rẹ̀ lónìí ni Thaumatococcus daniellii. Daniell tipa bẹ́ẹ̀ wọnú orúkọ ewéko náà títí ayé. Àwọn tó fi hàn án kò sí nínú orúkọ kankan. Nílé, ewé ni wọ́n ń wá. Òun ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, òun ni àwọn obìnrin ń já nínú igbó tí wọ́n ń dì ní ìdì wá sọ́jà. Ẹni tó wá ewé kò ní ìdí púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ṣa èso. Òyìnbó, ní tirẹ̀, kò rí nǹkan kan fi ewé náà ṣe. Ewéko kan ṣoṣo ló jẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ méjì tí kò pàdé ara wọn ló wà nípa rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, ó bọ́ sọ́wọ́ yàrá àyẹ̀wò. David Fairchild kó irúgbìn àgbáyun láti Kamẹrúùnù lọ sí Amẹ́ríkà ní 1927. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Netherlands, láìdúró de ara wọn, yọ purotéènì inú rẹ̀ tí wọ́n sọ ní miraculin. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ sọ ọ́ di ọjà fún àwọn tí ṣúgà jẹ́ èèwọ̀ fún, ṣùgbọ́n àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ kò gbà á láàyè ní 1974, òwò náà sì dàrú. Ewé eéran ní tirẹ̀ rí ọ̀nà lọ. Wọ́n ya thaumatin sọ́tọ̀ ní 1972. Adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 ó kéré tán, E957 sì ni nọ́ńbà rẹ̀ lára oúnjẹ ní Yúróòpù.

Yunifásítì Ifẹ̀ kò sùn ní àkókò yẹn. Láàárín 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ ṣe ìwádìí lórí adùn èso eéran àti lórí bí wọ́n ṣe lè gbin ewéko náà lóko dípò wíwá a kiri inú igbó. Inú ìwé àtìgbàdégbà ilẹ̀ òkèèrè, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni èsì iṣẹ́ náà ti jáde. Kò sí ọ̀nà tí obìnrin tó ń já ewé lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ kan náà lè gbà mọ̀ pé èso tó ń tẹ̀ kọjá lówó lórí.

Àgbáyun ní ìṣòro mìíràn. Ó lè tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so, hóró rẹ̀ kì í sì í gba gbígbẹ: bí ó bá gbẹ, ó kú. Hóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà ṣeé gbẹ, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ṣe ń tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà ẹ̀wà. Ti àgbáyun kò rí bẹ́ẹ̀. Àfi kí igi náà dúró láàyè, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì wà nítòsí rẹ̀.

Ní 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí èso àgbáyun gbígbẹ gẹ́gẹ́ bí «oúnjẹ tuntun». Ọ̀rọ̀ òfin lásán ni «tuntun» níbẹ̀, síbẹ̀ ó ṣòroó gbọ́ láìrántí 1725. Àdéhùn Nagoya ti 2010, tó fìdí múlẹ̀ ní 2014, ní kí ẹni tó bá jèrè lára ohun ọ̀gbìn àti ìmọ̀ ìbílẹ̀ pín in pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n ohun tí Daniell àti Fairchild ti kó lọ ti jáde nílé tipẹ́ kí àdéhùn náà tó dé.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn olùwádìí Yunifásítì Abomey-Calavi ti ń lọ láti abúlé dé abúlé ní ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ń béèrè bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo àgbáyun àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi náà, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá ta ilé tàbí tí wọ́n tún un kọ́, igi a lọ pẹ̀lú ògiri.