Ẹjọ́ Ọjà Alábùkù Láàrin Àwọn Tí Kò Mojú Ara Wọn

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ aráyé ti ń pààrọ̀ ẹrù. Ní ọjà tiwa, ojú ni a fi ń wo ọjà, ọwọ́ ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá sì ní àbùkù, a mọ ìsọ̀ ẹni tí ó tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ ìwé, àwo orin àti àwo sinimá pẹ̀lú ẹni tí wọn kò rí rí. Bí ó bá ṣe ìwé yíya ni ó dé, ta ni a ó pè lẹ́jọ́?

Ní ọdún 1995, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Pierre Omidyar dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí eBay. Ohun àkọ́kọ́ tí a tà níbẹ̀ ni ohun èlò kékeré kan tí ń fi ìtànṣán tọ́ka sí ojú pátákó. Ó sì ti bàjẹ́. Ẹnì kan rà á ní dọ́là 14.83. Omidyar bi í bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́; ó dáhùn pé irú èyí tí ó bàjẹ́ gan-an ni òun ń kó jọ. Ọjà alábùkù ni, ṣùgbọ́n kò di ẹjọ́, nítorí pé a kò fi àbùkù rẹ̀ pamọ́.

Kò pẹ́ tí èrò fi pọ̀, tí ẹ̀sùn sì pọ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe adájọ́ gbogbo ayé. Nítorí náà, ní oṣù Kejì ọdún 1996, Omidyar ṣí àkọsílẹ̀ gbangba kan, níbi tí olúkúlùkù lè kọ ìyìn tàbí ìbáwí nípa ẹni tí ó bá a ṣòwò. Orúkọ rere di ohun ìdógò. Ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ethan Katsh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà bá àwọn oníjà ibẹ̀ làjà. Aáwọ̀ tí wọ́n gbọ́ ju 100 lọ. Onílàjà wọn kò lágbára láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni; ẹnu àwọn méjèèjì ni ó ń gbọ́.

Ọ̀nà yìí ni àwọn ẹgbẹ́ apààrọ̀-ìwé gbà: PaperbackSwap ní ọdún 2004, àti BookMooch tí John Buckman dá sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ẹni tí ó bá fi ìwé ránṣẹ́ ni a ń fún ní ẹ̀tọ́ láti gba òmíràn. PaperbackSwap kọ ìwé tí omi ti bà jẹ́ àti èyí tí ojú ewé rẹ̀ kò pé. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹni tí ó gbà á yóò kéde àbùkù náà, yóò sì bá ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sọ ọ́.

Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ eBay ní àrùn kan. Olùrà tí ó bá sọ òtítọ́ ń bẹ̀rù pé olùtajà yóò gbẹ̀san, nítorí náà ìyìn kún inú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008 ni eBay gba agbára ìbáwí kúrò lọ́wọ́ olùtajà. Èmi tí mo ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò mọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ìwé ìròyìn tí ó ní ohun gbogbo dára, nígbà tí òrùlé ń jò lé àwọn ọmọ lórí.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá fẹ́ bá òmíràn pààrọ̀ ìwé, ẹ sọ àbùkù kí ẹrù tó kúrò nílé. Bí aáwọ̀ bá dé, ẹ rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ dáàbò bo ẹni tí ó bá kọ òtítọ́ sílẹ̀, nítorí pé ibi tí a bá ti ń bẹ̀rù òtítọ́, orúkọ rere kò níye lórí mọ́.