Iná Ilé àti Owó Ọjà: Ìtàn Ìdíje àti Ọ̀wọ́n Iná ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ohun tí ó ń jó nínú ààrò, ohun tí ó ń tàn nínú fìtílà àti ohun tí ó ń gba inú wáyà wọlé: iná. Nítorí náà, ìtàn iye owó iná nínú ilé kò ṣeé kọ bí ẹni pé ìtàn ilé-iṣẹ́ mànàmáná nìkan ni. Inú àpò kan náà ni ìyá tí ó ń se oúnjẹ alẹ́ ní Ìbàdàn ti ń yọ owó èédú, owó kẹrosíìnì, owó gáàsì àti owó mítà. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé ìdíje tí ó ti pẹ́ jù nínú ilé kì í ṣe láàárín olùtà kan àti èkejì. Láàárín irú iná kan àti òmíràn ni, ẹni tí ó ń dáná ni ó sì ń ru ẹrù rẹ̀.

Kí kẹrosíìnì tó dé, epo pupa àti àdí ni wọ́n ń bù sí fìtílà, igi sì ni wọ́n fi ń dáná. Ní abúlé, owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà; àsìkò àti agbára àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ó ń ṣẹ́gi ni iye rẹ̀, irú iye bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà wọ inú ìwé àkọsílẹ̀. Ní 1907 ni ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó padà di Mobil bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹrosíìnì Sunflower ní Nàìjíríà. Iná ilé bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá, tí iye rẹ̀ sì ń ti òkè òkun wá. A ó padà sí kókó yìí.

Iná mànàmáná gba ọ̀nà mìíràn. Èkó ni ó ti kọ́kọ́ tàn, ní 1896, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ìjọra ní 1923. Òfin 1950 dá ECN sílẹ̀. Ní 1972, wọ́n da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ó ń bójú tó ìdídò Kainji, wọ́n sì pè é ní NEPA. Láti ìgbà ECN títí di 2013, ìjọba nìkan ni ó ń ta iná fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Èdè wa gan-an jẹ́rìí sí i. “Wọ́n ti mú iná lọ” ni a máa ń wí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, Yorùbá máa ń lo “wọ́n” fún ẹni tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, gbogbo ènìyàn mọ ẹni náà, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é ní NEPA títí di òní.

Òfin 2005 ṣí ọ̀nà fún títa ilé-iṣẹ́ náà fún aládàáni, ó sì dá àjọ aṣàkóso NERC sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013 ni àwọn tí ó rà á gbà á. Ìdíje ni wọ́n fi polówó ètò yìí. Ṣùgbọ́n ìdíje láti gba ọjà yàtọ̀ sí ìdíje nínú ọjà. Àwọn olówó figagbága lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ń du ilé-iṣẹ́ apínná 11 náà. Ẹni tí ó borí wá di ọ̀gá kan ṣoṣo ní agbègbè tirẹ̀. Ará Ìkẹjà kò lè lọ ra iná lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Èkó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì sábẹ́ ilé-iṣẹ́ Benin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ni wáyà kọ́ ni ó ń ta iná fún ilé, láti ìparí àwọn ọdún 1990 sì ni onílé ti lè pààrọ̀ olùtà. Síbẹ̀, nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní 2021, ó lé ní ogún olùtà kéékèèké tí ó kógbá sílé níbẹ̀.

Ní 2020 ni NERC pín oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí iná yóò fi wà. Ní oṣù kẹrin 2024, yúnìtì kan fún Band A, àwọn tí a ṣèlérí ogún wákàtí lójúmọ́ fún, kúrò ní ₦68, ó di ₦225. Kì í ṣe olùtà ni ó dá iye náà, kì í sì í ṣe olùdíje ni ó lè mú un wálẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò gáàsì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá, náírà sì ti já wálẹ̀ gidigidi láti oṣù kẹfà 2023.

Gáàsì ìdáná ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni jù, nítorí pé ìdíje pọ̀ níbẹ̀. Láti 2007 ni NLNG ti ń fi gáàsì ránṣẹ́ sí ọjà abẹ́lé, àwọn olùtà sì wà káàkiri àdúgbò ní ìlú ńlá. Oníbàárà lè fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí òṣùwọ̀n tí kò péye tàbí nítorí náírà díẹ̀. Síbẹ̀, kílò márùn-ún tí kò tó ₦2,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ti kọjá ₦4,500 ní ìparí 2022. Èrè olùtà nìkan ni ìdíje àdúgbò lè gé. Kò lè dé ibi tí wọ́n ti ń dá iye gáàsì àti dọ́là. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí kẹrosíìnì Sunflower náà nìyí.

Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ ti gbé iye méjì rìn fún ọdún púpọ̀: ₦50 ti ìjọba, àti iye ọjà gan-an, tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba sọ ọ́ di ₦83 ní 2016, kò sì pẹ́ tí ọjà fi gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí gáàsì náà tún wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé padà sí èédú àti igi. Àwọn onímọ̀ kan máa ń wo ìdáná bí àtẹ̀gùn tí a ń gùn láti igi dé mànàmáná. Ilé tí ó ní sítóòfù, sílíńdà àti ààrò papọ̀ kò gun àtẹ̀gùn kankan, ó ń ṣọ́ ọjà ni.

Àtúnṣe òfin 2023 fún ìpínlẹ̀ ní agbára lórí iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àkóso náà lọ́wọ́ NERC ní 2024. Wọ́n lè fún olùtà mìíràn ní ìwé àṣẹ báyìí. Ṣùgbọ́n olùtà tuntun tí ó bá dé Adó-Èkìtì yóò ní láti na wáyà tirẹ̀, tàbí kí ó bá ẹni tí ó ni wáyà àtijọ́ ṣe àdéhùn.