Ilẹ̀ Pupa Kétu: Odi Ìlú àti Oúnjẹ Ìlú

Ní ọdọọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, mo máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Àkàbà Ìdènà. A ó dúró níwájú ibodè náà, n ó sì sọ ìtàn odi Kétu fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: «Ọ̀gá, bí odi yìí bá lágbára tó bí ẹ ti wí, kí ló dé tí Dàhòmì fi kó ìlú?» Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún un ni mo kọ síhìn-ín. Kì í ṣe ìtàn ọba àti ogun nìkan. Ìtàn ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Irú ilẹ̀ wo ni?

Orí ilẹ̀ gíga tí ó tẹ́jú ni Kétu wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bí osùn. Àwọn Faransé ń pè é ní terre de barre. Láti inú barro, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí fún amọ̀, ni orúkọ náà ti jáde. Irú ilẹ̀ kan náà ni ó wà ní Allada, ní Àgbómẹ̀, ní Sakété àti Pobè, ó sì dé gúúsù Tógò pẹ̀lú.

Bí a bá gbẹ́ kòtò nínú ilẹ̀ yìí, a ó rí i pé òkè rẹ̀ kò rí bí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lókè, yanrìn ni ó pọ̀ jù. Amọ̀ inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 10 sí 20 nínú 100 lọ. Bí a ti ń lọ sísàlẹ̀ ni amọ̀ ń pọ̀ sí i, títí yóò fi tó ìdá 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ náà jinlẹ̀ púpọ̀, kò ní òkúta, omi sì ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Irin tí ó dógùn-ún nínú rẹ̀ ni ó fún un ní àwọ̀ pupa.

Oríṣi amọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Kaolinite ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Amọ̀ yìí kì í wú púpọ̀ nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni kì í súnkì kí ó sì là yánnayànna nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi í wé ilẹ̀ dúdú àfonífojì Issaba, tí ó wà láàárín ilẹ̀ gíga Kétu àti ti Pobè, tàbí ilẹ̀ Lama ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Orúkọ Lama pàápàá, èdè Potogí ni. Ẹrẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Amọ̀ ti ibẹ̀ ń wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti ọkọ́; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á là débi tí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ògiri sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí i bí ó ti ń sán lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n amọ̀ dúdú tí ń wú yẹn ni ó lè di oúnjẹ irúgbìn mú pẹ́. Amọ̀ pupa Kétu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú un dára fún odi ni ó mú un jẹ́ aláìní nínú oko.

Odi àti yàrà

Àwọn baba wa kò mọ orúkọ kaolinite, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ní ayé Sà, Alákétu kẹrìnlá, ni a bẹ̀rẹ̀ odi ìlú, àti pé òmìrán méjì, Ajíbódù àti Olúwódù, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gba ọ̀rọ̀ àwọn òmìrán náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Ní tèmi, mo gbà pé ìtóbi iṣẹ́ náà ni àwọn àgbà ń fi wọ́n ṣàpèjúwe.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é hàn sí ojú títí di òní. A gbẹ́ yàrà jíjìn yí ìlú ká, a sì fi erùpẹ̀ tí ó jáde nínú rẹ̀ mọ odi. Bí yàrà ti ń jìn sí i ni a ń kan amọ̀ gidi, nítorí náà erùpẹ̀ tí ó dára jù fún odi ń jáde láti ibi tí a ti fẹ́ kí ọ̀tá rì sí. Ọgbọ́n kan náà ni a fi ń mọ ilé. A ó gbẹ́ erùpẹ̀, a ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi dàn. A ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, a ó sì fi koríko bo orí ògiri kí òjò má baà nà án. Kòtò tí a ti gbẹ́ erùpẹ̀ yóò gba omi òjò sílẹ̀, èyí kò sì kéré lójú ará Kétu, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ jìn púpọ̀ lórí ilẹ̀ gíga yìí.

Bí ìlú ṣe bọ́

Ní 1883, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, kọlu Kétu, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n tún padà wá, wọ́n sì sàga ti ìlú. Ní 1886, Kétu bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọ́n wó odi. Ebi ni ó wọ inú ìlú, ẹ̀tàn sì tẹ̀ lé e. Oko wà lẹ́yìn odi, ọ̀tá sì wà láàárín odi àti oko. Àgbàdo lè gbó lórí ìdúró rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lọ já a. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ sí ilẹ̀ Dàhòmì, ìlú sì dahoro. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé láti tún ìlú mọ.

Ìdáhùn tí mo jẹ ọmọbìnrin yẹn ní gbèsè nìyí: ilẹ̀ Kétu ní iṣẹ́ méjì, láti dáàbò bò wá àti láti bọ́ wa. Dàhòmì kò borí èkíní. Èkejì ni ó gé kúrò, èkíní kò sì lè dá dúró.

Oko

Báwo ni ilẹ̀ tí kò lè di oúnjẹ irúgbìn mú ṣe ń bọ́ ìlú láti ayé Ẹdẹ títí di òní? Ewé, gbòǹgbò àti ìdọ̀tí tí ó jẹrà sí òkè ilẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí amọ̀ kò lè ṣe. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ mọ èyí. Wọn a dá oko fún ọdún díẹ̀, wọn a gbin iṣu sínú ebè, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ ní àsìkò òjò méjèèjì, lẹ́yìn náà wọn a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí igbó lè bò ó. Ojú àlejò lè rí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó pè é ní ilẹ̀ tí kò ní olówó. Àmọ́ àká ni. Oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀ ni igbó náà ń tọ́jú.

Àwọn olùwádìí náà fi ọ̀nà tiwọn dé ibi kan náà. Ní 1922 ni ìjọba Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, lórí irú ilẹ̀ pupa yìí. Lára ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni pé pọ́táṣíọ̀mù ni ó tètè máa ń tán nínú rẹ̀. Pọ́táṣíọ̀mù yìí kan náà pọ̀ nínú eérú. Ìyàwó ilé tí ń da eérú ààrò sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùnlé kò ṣìṣe.

Lóde òní, ènìyàn ti pọ̀, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ìsinmi tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún ti di ọdún méjì tàbí mẹ́ta, níbòmíràn kò sí rárá. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣá. Òjò ń ṣan òkè rẹ̀ lọ, koríko ẹ̀kan ń gba oko. Kò sí ọmọ ogun tí ó dó ti ìlú, síbẹ̀ àwa fúnra wa ń gé oko kúrò lára ìlú díẹ̀díẹ̀.

Àtúnṣe wà. Ní ìhà Mono, lórí ilẹ̀ pupa àwọn Àjá tí ó ti ṣá ju tiwa lọ, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí gbin mucuna láàárín àgbàdo ní òpin àwọn ọdún 1980. Ìbátan wèrèpè ni, ṣùgbọ́n oríṣi tí kì í yúnni lára ni wọ́n lò. Ó bo ilẹ̀, ó pa ẹ̀kan, ewé rẹ̀ sì jẹrà di ọ̀rá ilẹ̀. Àwọn Àjá tún ní àṣà tiwọn, pé kí a gbin ọ̀pẹ sí ilẹ̀ tí ó rẹ̀, kí ilẹ̀ máa sinmi lábẹ́ rẹ̀, kí olóko sì rí nǹkan mú níbẹ̀. Kò sí èyí tí ó ju agbára àgbẹ̀ Kétu lọ nínú méjèèjì.

A ti tún Àkàbà Ìdènà ṣe, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá tún kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀, n kò ní jẹ́ kí ìrìn wa parí sí ẹnu ibodè mọ́. A ó kọjá lábẹ́ rẹ̀, a ó dé oko tí ó wà níwájú, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bu ìkúnwọ́ ilẹ̀ kan, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn mọ ohun tí odi náà ń ṣọ́.