Ẹran Ọ̀sìn Láàárín Ìlú: Láti Ọwọ́ Baálé Dé Ọwọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin lórí ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Yorùbá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Òfin ti wà ṣáájú wọn. Ẹni tí ń mú un ṣẹ, àti ìdí tí a fi ń mú un ṣẹ, ni ó yí padà.

Láyé àtijọ́, ẹran a máa jẹ káàkiri lọ́sàn-án, a sì wọlé nírọ̀lẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ewúrẹ́ jẹ, ó relé, àgùntàn jẹ, ó relé, à-jẹ-ì-relé ni í ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́." Òwe yìí fi ìlànà wọn hàn gbangba: jíjẹ kiri kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àìpadà-sílé ni ẹ̀bi. Ẹlẹ́ran a máa fi àmì sí etí ewúrẹ́, a sì máa so àkísà mọ́ adìẹ, kí a lè dá tirẹ̀ mọ̀. Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu tí a sá sóòrùn fún èlùbọ́, baálé ni a ó kó ẹjọ́ lọ bá. Ẹlẹ́ran yóò bẹ̀bẹ̀ tàbí kí ó san ohun tí ẹran rẹ̀ bà jẹ́. Ohun tí ìdájọ́ náà ń wá ni pé kí aládùúgbò méjì má di ọ̀tá.

Òfin Ìlera ti ọdún 1917 gbé ọ̀ràn náà ka ibòmíràn. Ìlera ará ìlú ni ó jẹ ẹ́ lógún. Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, ilé ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí bu owó ìtanràn. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, tún mú kí àyẹ̀wò ilé gbóná sí i níbẹ̀.

Ní 1952, òfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe òfin fún agbègbè wọn. Lẹ́yìn àtúntò ti 1976, Òfin-ìpìlẹ̀ 1979 ka àkóso ìrìn àti ìtọ́jú ẹran ilé mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti 1999 kò yí i padà.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìmọ́tótó kò ṣe pàtàkì, nítorí ìlú ti fẹ̀ kọjá ohun tí baálé kan lè dá bójú tó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òfin ìbílẹ̀ rántí ète ti àtijọ́ pẹ̀lú. Owó ìtanràn tí ó wọ àpò ìjọba kò dá èlùbọ́ padà fún ẹni tí ewúrẹ́ jẹ tirẹ̀.