Ìtàn Èémí Tútù Nínú Ọkọ̀ Dodge Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ti dúró ní àgbẹ̀dẹ rí yóò mọ̀ pé bí kò bá sí ẹwìrì, iná lásán ni iná, irin Ògún Lákáayé kò sì ní rọ̀ débi tí òòlù yóò fi ràn án. Irú ẹwìrì bẹ́ẹ̀ ni Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rò fún ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ lórí turbo ní 1905, àfi pé èéfín tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń tú dànù ni ó ń yí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí a bá kì mọ́lẹ̀ a máa gbóná, gẹ́gẹ́ bí ìdí páǹpù kẹ̀kẹ́ ti í gbóná mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. Bí ó bá sì gbóná, a máa fẹ̀, èyí tí ń wọ inú ẹ́ńjìnnì a sì dín kù. Nítorí èyí ni intercooler ṣe wà: ó jọ rédíétọ̀, àmọ́ atẹ́gùn ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe omi, iwájú ọkọ̀ ni a sì ń gbé e sí kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ tutù.

Nígbà tí Dodge ti Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì Cummins lítà 5.9 sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ní 1989, turbo wà níbẹ̀, intercooler kò sí. Ẹ́ńjìnnì náà ti kọ́kọ́ jìyà lára ẹ̀rọ oko àti ẹ̀rọ ìwalẹ̀, agbára ẹṣin 160 ni ó sì ní. Ó di àárín 1991 kí intercooler tó wọlé, ohun tí ó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé agbára tí wọ́n kọ sí i lórí kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i.

Kí wá ni àwọn tí ọkọ̀ wọn ṣáájú àkókò yẹn ń wá tí wọ́n fi ń lé intercooler kiri? Ìtura ni. Ẹni tí ń fa ẹrù gun òkè a máa fẹ́ agbára, a sì yí skúrù ìdí páǹpù epo díẹ̀ kí epo lè pọ̀. Bí èémí kò bá sì tó epo, èéfín á dúdú bí ìdí ìkòkò, ooru á sì máa ga lórí písítìnì álúmíníọ̀mù, irin tí ògidì rẹ̀ í yọ́ ní 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ń fi epo kún epo láìwá èémí, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó ra intercooler lára ọkọ̀ 1992 kan tí ó ti kú, tí ó rò pé iṣẹ́ parí, kò tíì mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àyè kò sí. Irin tí ó gbé rédíétọ̀ dúró ni a óò gé kí píìpù méjì lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ọ̀kan fún atẹ́gùn gbígbóná láti ọ̀dọ̀ turbo, èkejì fún tútù tí ń padà bọ̀ sí ẹ́ńjìnnì. Bí a kò bá rí píìpù tí ó bá a mu, wẹ́dà ni yóò gé e ní ègé-ègé tí yóò jó o pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta kókó jù ni ẹnu píìpù, níbi tí róbà ti bò ó. Turbo a máa fẹ́ ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ atẹ́gùn, ọ́ìlì náà a sì mú inú róbà yọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo, róbà á yọ gbàgà, èéfín dúdú á sì bo ọ̀nà. Wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ a máa fi iná jó ìlà tín-ín-rín yí ẹnu píìpù ká, kí ó yọ síta bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge, a fi aṣọ gbígbẹ nu ọ́ìlì kúrò, a ti róbà kọjá ìlà náà, a sì wá di ìdè irin mọ́ ọn lẹ́yìn rẹ̀.