Ẹja Ọ̀ṣun àti Rúlà

Ẹja wà nínú orúkọ oyè ọba Òṣogbo. Àwọn àgbà ní Àtáọ́ja túmọ̀ sí ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ìtàn tí a bá nílẹ̀ ni pé Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpólé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí àìrómi, wọ́n sì tẹ̀dó sétí odò Ọ̀ṣun. Ọba bá òrìṣà dá májẹ̀mú, odò sì fi ẹja ránṣẹ́ sí i láti fi hàn pé òun gbà. Látìgbà náà, èèwọ̀ ni kéèyàn pẹja nínú odò tó gba inú igbó Ọ̀ṣun kọjá. Ìjọba àpapọ̀ sọ igbó náà di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ náà ti wà tipẹ́ kí ìwé kankan tó dé.

Àwa tí à ń fi kóòdù jẹun, ohun tí òfin kan ń ṣe gan-an la kọ́kọ́ máa ń wò, ká tó bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀wọ̀ òrìṣà ni wọ́n fi dá èèwọ̀ yìí sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe nínú omi ni pé ẹja ráyè dàgbà, ó sì ráyè gbó. Ìṣirò kékeré kan á fi hàn yín bí ìyẹn ṣe tó. Bí ẹja kan bá gùn tó méjì èkejì rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì o. Ó máa ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́jọ, torí bó ṣe ń gùn ló ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ki. Ẹyin náà ń pọ̀ bí ara ṣe ń tóbi. Ìyá àrọ̀ ńlá kan ṣoṣo lè ru ẹyin ju ti ọ̀pọ̀ kéékèèké lọ. Ẹni tó bá mú un jáde, tó ní ṣebí ẹyọ kan lòun mú, kò mọ iye tó mú.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ẹja ti gbó? Lómi tútù ilẹ̀ Yúróòpù, òkúta kékeré kan wà nínú orí ẹja tó máa ń ní òrùka lọ́dọọdún, bíi ti inú igi. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí òtútù kì í mú omi, òrùka yẹn kì í sábà hàn ketekete. Ní àwọn ọdún 1890, C. G. J. Petersen, ará Dẹ́ńmáàkì, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Wọn gígùn ọ̀pọ̀ ẹja, kó àwọn tí gígùn wọn sún mọ́ra jọ, wàá rí i pé iye wọn ga sókè níbi mélòó kan bí ebè. Ebè kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹja tí wọ́n bí lásìkò kan náà ni. Rúlà di kàlẹ́ńdà.

Apá tó dùn mọ́ wa jù ló kàn. Ní 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel Pauly wá sí Gánà láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja epìyà inú ọ̀sà Sakumo, nítòsí Tema. Nígbà tó fi máa di 1981, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní ELEFAN, èdè BASIC ni wọ́n fi kọ ọ́. BASIC o! Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, fóònù tí ẹ fi ń ka èyí á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí kò lówó ọkọ̀ ìwádìí ńlá lè fi gígùn ẹja lásán mọ bí ẹja omi rẹ̀ ṣe ń dàgbà àti bó ṣe ń yára kú tó. Nígbà tó yá, Rainer Froese, tí òun àti Pauly jọ dá FishBase sílẹ̀, sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní 2004: ẹ jẹ́ kí ẹja bímọ ná kẹ́ ẹ tó mú un, ẹ mú un nígbà tó bá tóbi débi tó lérè jù, ẹ fi àwọn ìyá ńlá sílẹ̀ sínú omi.

Ẹ tún ìkẹta kà. Kò sẹ́ni tó gbé rúlà wọ igbó Ọ̀ṣun, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ látayébáyé nìyẹn.

Lẹ́yìn igbó, ojú àwọ̀n ni rúlà apẹja. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ń kó ọmọ tí kò tíì bímọ. Àwọn onímọ̀ ti wọn epìyà inú adágún Ọ̀pá ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì wo bó ṣe tóbi tó kó tó máa bímọ. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi máa pinnu ojú àwọ̀n. Láìsí i, àfojúdá lásán ni.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí ju ti àwọ̀n lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí Láróòyè ti wá náà ni wọ́n ti ń wa góòlù, ní agbègbè Iléṣà, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì ń bá àwọn odò kéékèèké ṣàn wọ Ọ̀ṣun. Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún. Èèwọ̀ lè dá apẹja dúró. Kò lè dá ẹrẹ̀ dúró.

Níbí ni rúlà ti tún wúlò, tí òṣùwọ̀n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. T. Wemyss Fulton, tó ṣiṣẹ́ ní Scotland ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn: pín ìwúwo ẹja fún gígùn lọ́nà gígùn lọ́nà gígùn. Bí iye tó jáde bá ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, ẹja náà ń rù, bó tiẹ̀ ṣì ń gùn. Ẹja ò lè sọ pé omi ò dára, ara rẹ̀ á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ẹja rù tí kò bá sí àkọsílẹ̀ ìgbà tó sanra, ìyẹn ló fi yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ báyìí. Ẹja inú igbó ò ṣeé fọwọ́ kàn, a ò sì ní kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àmọ́ odò kan náà ló ń ṣàn lọ sí adágún Asẹ́jìrẹ́ tí wọ́n parí ní 1972, tí Ìbàdàn ń mu omi rẹ̀, wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀. Rúlà kan, òṣùwọ̀n kan, ìwé kan, ọjọ́ kan lóṣù, létí omi níbi táwọn apẹja ti ń já ẹja sílẹ̀.